Mélòó nínú mélòó? Bí a ṣe ń yẹ ìṣirò inú ìròyìn ìwádìí ìṣègùn wò

Nọ́ńbà tó wà nínú àkọlé ìròyìn ìlera sábà máa ń wà nínú ìwádìí náà lóòótọ́. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n mú ẹyọ nọ́ńbà kan, wọ́n sì fi àwọn tó yí i ká sílẹ̀: iye èèyàn tí wọ́n kà, iye ìgbà tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, bí ewu náà ṣe tó tẹ́lẹ̀ kí òògùn tàbí oúnjẹ tí wọ́n ń sọ tó dé. "Ewu di ìlọ́po méjì" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba oorun lójú ẹni, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹni tó ka àkọlé nìkan kò lè mọ èyí tó jẹ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp. Bébà, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń wá, pé kí ẹ lè kọ gbólóhùn yìí kalẹ̀ láìfi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo: *Nínú èèyàn 1,000 tí kò lò ó, mélòó ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí, láàárín ìgbà wo? Nínú 1,000 tó lò ó ńkọ́?*

1. Ẹ wá ìwádìí náà gan-an kàn

Ìròyìn tó dára máa ń dárúkọ jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùwádìí, tí ìwádìí ti jáde. Ẹ tẹ orúkọ òògùn tàbí àìsàn náà pẹ̀lú orúkọ olùwádìí kan sínú PubMed, àkójọ ìwádìí ìṣègùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àkótán rẹ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé àtẹ̀jáde tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òògùn náà kọ fún àwọn oníròyìn nìkan ló wà nílẹ̀, ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ń ta ọjà ló ń kéde rẹ̀.

Nínú àkótán, ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ sílẹ̀: kí ni wọ́n lò, èèyàn, eku, àbí sẹ́ẹ̀lì inú ìgò, wọ́n tó mélòó, ṣé gègé ni wọ́n fi pín wọn sí ọ̀wọ́, àbí wọ́n kàn ń wo bí kálukú ṣe ń gbé ayé rẹ̀, oṣù tàbí ọdún mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Tó bá jẹ́ eku, ẹ lè ti fóònù yín padà sápò. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tó lè wọ inú gbólóhùn wa.

2. Ẹ sọ ìdá ọgọ́rùn-ún di èèyàn

Ibí yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànjẹ náà fìdí sí, nítorí náà ẹ má kánjú kọjá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò òògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àwọn hóró ìfètòsọ́mọbíbí ìran kẹta ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Lẹ́nu àwọn oníròyìn, ó di pé ewu fi 100% lọ sókè. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí: nínú obìnrin 7,000 tó ń lo hóró ìran kejì, nǹkan bí ẹnì kan ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lára, nínú 7,000 tó ń lo ìran kẹta, ẹni méjì. Láti 1 dé 2, 100% ni lóòótọ́. Ẹnì kan nínú 7,000 náà sì ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin pa òògùn tì, wọn kò fi òmíràn rọ́pò, wọ́n sì fojú bù ú pé oyún ṣíṣẹ́ fi nǹkan bí 13,000 pọ̀ sí i ní England àti Wales lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èyí tó dunni jù ni pé oyún níní fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju hóró náà lọ.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wá iye ìpìlẹ̀, ìyẹn iye àwọn tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ sí láìlo ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ fi ìdá tó wà nínú ìròyìn sọ iye ìpìlẹ̀ yẹn di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni ìyàtọ̀ gidi. Tí wọ́n bá ní ó lọ sókè, ẹ fi kún un. Tí wọ́n bá ní ó wá sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹran ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, IARC, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé gíráàmù 50 ẹran alágolo, sọ́séèjì àti irú wọn lójúmọ́ ń fi 18% kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 6 nínú 100 èèyàn ni jẹjẹrẹ náà ń mú láti ìbí títí dé ikú. 18% lórí 6 jẹ́ 1.08. Nítorí náà, nínú 100 èèyàn tó ń jẹ gíráàmù 50 lójoojúmọ́ ayé wọn, nǹkan bí 7 ni yóò mú dípò 6. Ẹni tó ka "18%" tó sì rò pé èèyàn 18 nínú 100 ni yóò ní jẹjẹrẹ ti sọ ẹnì kan di méjìdínlógún.

Ìròyìn kan náà tún bí àṣìṣe mìíràn. IARC fi ẹran náà sí Gúrúùpù 1, ibi tí sìgá wà, làwọn ìwé ìròyìn bá ń kọ ọ́ pé ẹran léwu bíi sìgá. Gúrúùpù yẹn ń sọ bí ẹ̀rí ṣe dájú tó pé nǹkan lè fa jẹjẹrẹ. Kò sọ bí ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú nọ́ńbà báyìí, jọ́nà máa ń kọ méjì mìíràn. Ti ẹran náà ni 1.18, láti 1.10 dé 1.28. (1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀, 1.18 túmọ̀ sí pé ewu fi 18% lọ sókè.) Àwọn oníròyìn kì í sábà gbé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òótọ́ lè wà níbikíbi láàárín 10% sí 28%, ìyẹn 6.6 sí 7.7 nínú 100. Tí àlàfo yẹn bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ 1 tó sì parí lókè 1, bíi 0.85 dé 1.40, ìwádìí náà kò tíì lè sọ bóyá nǹkan ọ̀hún ń fi kún ewu ni tàbí ó ń dín in kù. Ìròyìn tó bá mú àárín rẹ̀ tó ní "ewu ń pọ̀ sí i" ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ.

Ìròyìn òògùn pẹ̀lú ń jẹ nínú àwo kan náà. Nínú ìwádìí JUPITER ti ọdún 2008, wọ́n fún èèyàn 8,901 ní rosuvastatin, òògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n sì fún 8,901 mìíràn ní hóró tí kò ní ohunkóhun nínú. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, 251 nínú àwọn tí kò gba òògùn ní ìṣòro ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́. Nínú àwọn tó gbà á, 142. Wọ́n kéde pé ewu fi 44% dín kù. (Ẹ̀rọ yín yóò sọ 43 àti díẹ̀, àwọn olùwádìí ka gígùn àkókò kálukú mọ́ ọn.) Ẹ wá pín in: 251 nínú 8,901 jẹ́ 2.8%, 142 jẹ́ 1.6%. Ìyàtọ̀ gidi jẹ́ 1.2%. Tí ẹ bá fi èèyàn 109 tó jẹ́ ìyàtọ̀ àárín wọn pín 8,901, ẹ ó rí 82: èèyàn 82 yóò lo òògùn náà fún bí ọdún méjì kí ẹnì kan nínú wọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro tí ì bá bá a. Bóyá 82 pọ̀ tàbí ó kéré, ẹni tó fẹ́ lo òògùn àti dókítà rẹ̀ ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n "44%" kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n méjì nínú ìròyìn kan. "Òògùn náà dín ikú kù ní ìdajì, 1% péré nínú àwọn tó lò ó ni ẹ̀dọ̀ wọn sì ní ìṣòro." Tí ikú tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 2 nínú 100, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan. 1% tó ń ṣàìsàn ẹ̀dọ̀, ẹnì kan náà ni. Wọ́n fi àfiwé wọn èrè kó lè hàn gàgàrà, wọ́n fi èèyàn wọn ìpalára kó lè kéré. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dẹ́rù bani, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2002, ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà lórí àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró fi hàn pé àpapọ̀ òògùn estrogen àti progestin ń fi 26% kún jẹjẹrẹ ọyàn. Nínú obìnrin 10,000 láàárín ọdún kan, 30 ló di 38. Àkótán ìwádìí náà kọ ìyẹn síbẹ̀ gbangba, ó sì kọ ọ́ pé àwọn tó kán ní ìbàdí fi 5 dín kù, jẹjẹrẹ ìfun sì fi 6 dín kù. 26% ló wọ etí aráyé.

3. Tí ẹ bá rí OR, ẹ dúró

Àwọn jọ́nà kan máa ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní odds ratio, tí wọ́n ń kọ ní OR. Kì í ṣe ìfiwéra iye èèyàn nínú gbogbo wọn ló ń ṣe. Ó ń fi àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí wé àwọn tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Tí nǹkan náà bá ṣọ̀wọ́n, méjèèjì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Tó bá wọ́pọ̀, OR ń fẹ̀ bí ẹni fẹ́ bálúùnù.

Ní ọdún 1999, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti fi fídíò àwọn aláìsàn, òṣèré ni wọ́n, han dókítà 720, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò iṣan ọkàn. Wọ́n ní kí 90.6% àwọn ọkùnrin lọ, kí 84.7% àwọn obìnrin lọ. Nọ́ńbà kan náà ni ti funfun àti dúdú. OR rẹ̀ jẹ́ 0.6, àwọn oníròyìn bá kọ ọ́ pé àǹfààní àwọn obìnrin àti aláwọ̀ dúdú fi 40% kéré. Ẹ pín 84.7 sí 90.6: 0.93 ni, 7% ni wọ́n fi kéré. Ẹ̀tanú ló ṣì jẹ́, ó sì yẹ ká bá a wí, ṣùgbọ́n 7 kì í ṣe 40.

Ìlànà tó rọrùn ni kí ẹ má kọ OR sínú ìròyìn fún gbogbo èèyàn rárá. Ẹ lọ sínú tábìlì, ẹ mú iye èèyàn ọ̀wọ́ méjèèjì, kí ẹ fúnra yín pín in.

4. Ta ni wọ́n kà, ta ni wọ́n yọ?

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìdá, ìyẹn iye gbogbo èèyàn tí wọ́n kà, ni kí ẹ máa fura sí jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìwádìí kan láti ilẹ̀ Faransé tàn káàkiri ayé: hydroxychloroquine, òògùn ibà kan, ń lé kòkòrò kòrónà jáde lára 70% àwọn tó lò ó lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ 12.5%. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí 70%. Èèyàn 26 ni wọ́n fún ní òògùn. Wọ́n yọ mẹ́fà kúrò nínú ìṣirò. Nínú mẹ́fà yìí, mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run, ẹnì kan kú, ẹnì kan kúrò ní ilé ìwòsàn, èébì ń gbé ẹnì kan, kò lè lò ó mọ́. Èèyàn 20 ló kù, 14 nínú wọn ló mọ́: 70%. Nínú àwọn 16 tí kò lo òògùn, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí yàrá yẹn. Òògùn tí ẹ bá yọ òkú kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ kò lè ṣe kó má dára.

Nígbà tí wọ́n fi gègé pín àwọn aláìsàn nínú ìwádìí RECOVERY, 421 nínú 1,561 tó gba òògùn náà kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú 3,155 tí kò gbà á, 790 kú. Ìyẹn 27% àti 25%. Wọ́n fagi lé ìwádìí ilẹ̀ Faransé náà ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ ka iye èèyàn tó wọlé, ẹ ka iye tí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Tí wọn kò bá dọ́gba, ẹ wá ibi tí àwọn yòókù wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìdá náà ṣe pẹ̀lú gbogbo àwọn tó wọlé.

Ìsàlẹ̀ ìdá tún máa ń daríni sọ́nà òdì nígbà tí ọ̀wọ́ kan bá pọ̀ ju èkejì lọ. "Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ló pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn." Ká ní èèyàn 1,000 wà níbì kan, 900 gbà á, 100 kò gbà á. Tí àìsàn bá gbé 2% àwọn tó gbà á lọ sílé ìwòsàn, 18 ni. Tó bá gbé 10% àwọn tí kò gbà á, 10 ni. Lórí ibùsùn, 18 ju 10 lọ. Àbẹ́rẹ́ náà ṣì dín ewu kù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó ka ibùsùn láìka ìlú ti ka ìdajì.

Àjẹsára kan náà ló tún bí àìgbọ́raẹniyé lórí 95%. Nínú ìwádìí Pfizer àti BioNTech ti ọdún 2020, èèyàn 8 nínú 18,198 tó gba abẹ́rẹ́ náà ni àrùn kòrónà ṣe, 162 nínú 18,325 tó gba omi lásán. 8 jẹ́ nǹkan bí 5% ti 162. Ibẹ̀ ni 95% ti wá. Kò túmọ̀ sí pé 5 nínú 100 tó gba abẹ́rẹ́ yóò ṣàìsàn. Àwọn alátakò náà mú ìyàtọ̀ gidi, 0.84%, wọ́n ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn náà fi àkókò sílẹ̀: nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, àrùn sì ń tàn lọ. Ìyàtọ̀ gidi kò dá dúró rí. "Láàárín ìgbà wo?" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

5. Kí ni wọ́n wọ̀n?

Àwọn ìwádìí míràn kì í ka ikú tàbí àìsàn. Wọ́n ń wọn ohun tí wọ́n lérò pé ó ṣojú fún un: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, lílù ọkàn. Wọ́n lè rí i kó dára, kí aláìsàn sì kú. Òògùn méjì, flecainide àti encainide, ń mú kí lílù ọkàn tó ń ṣe ségesège padà bọ̀ sípò, ó sì dá àwọn dókítà lójú pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ìwádìí CAST wá kà á: nínú 755 tó lò ó, 63 kú, nínú 743 tí kò lò ó, 26. Ní 1989 ni wọ́n ti dá lílò rẹ̀ dúró nínú ìwádìí náà.

Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n oníkókó, irú èyí tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní máàkì, ni wọ́n lò, ẹ béèrè bí òṣùwọ̀n náà ṣe gùn tó. Ní ọdún 2022, ìròyìn ní òògùn lecanemab ń fi 27% dẹ ẹsẹ̀ àrùn Alzheimer, àrùn ìgbàgbé. Lórí òṣùwọ̀n tó lọ láti 0 dé 18, ìlera àwọn tí kò gba òògùn fi kókó 1.66 bàjẹ́ sí i láàárín oṣù 18, ti àwọn tó gbà á fi 1.21. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 0.45 nínú kókó 18. Ọpọlọ sì wú díẹ̀ fún 12.6% àwọn tó gbà á, 1.7% nínú àwọn tí kò gbà á. Irú ìròyìn yìí yẹ kó gbé nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kan, ẹbí aláìsàn yóò sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́.

6. Mélòó ni wọ́n dán wò kí wọ́n tó rí ọ̀kan?

Tí àbájáde bá ní "p kéré sí 0.05", ohun tó ń sọ ni pé, ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan rárá, irú àbájáde báyìí yóò ṣe kòńgẹ́ jáde bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 20. Kò sọ pé 95% ni òótọ́ rẹ̀ fi dájú, bí àwọn oníròyìn ṣe fẹ́ràn láti kọ ọ́. Ẹni tó bá sì wọn nǹkan 18 ti ta ayò lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. Ẹ fi 0.95 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà 18: 0.40. Ìyẹn ni pé tí àwọn nǹkan náà kò bá so mọ́ra, 60% ni àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan yóò jáde lásán.

Oníròyìn kan, John Bohannon, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ọdún 2015. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín èèyàn bíi 15 sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, wọ́n wọn nǹkan 18, wọ́n mú èyí tó bá jáde: ṣokoléètì ń jẹ́ kéèyàn tètè fọn. Jọ́nà kan gba owó, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé ìròyìn Bild ní Jámánì gbé e, ó sì tàn ká kó tó tú àṣírí ara rẹ̀.

Pínpín àwọn aláìsàn sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ìwádìí jẹ́ ayò kan náà. Ìwádìí ISIS-2 ti ọdún 1988, èèyàn 17,187, fi hàn kedere pé asipirín-ìn ń gba ẹ̀mí àwọn tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù là. Àwọn olótùú jọ́nà ní kí àwọn olùwádìí tú u sí ìsọ̀rí wẹ́wẹ́. Àwọn olùwádìí gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìràwọ̀ ìbí kálukú kún un: fún àwọn tí wọ́n bí sábẹ́ Gemini àti Libra, asipirín-ìn kò ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń ṣèpalára díẹ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ka "òògùn náà kò ṣiṣẹ́ lápapọ̀, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 60", ẹ rántí Gemini.

Bí ẹ ó ṣe mú un: ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìwádìí náà lórí ClinicalTrials.gov, ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí ohun tó wà nínú àkọlé kò bá sí lára èyí tí wọ́n kọ ṣíwájú, ẹ kà á sí ìbéèrè tuntun. Ìdáhùn kọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. "Wọn kò rí ìpalára kankan" nínú ìwádìí kékeré kò ní kí ìpalára má sí. Ẹ fi iye èèyàn pín 3: tí kò bá sí ẹyọ kan nínú 300, ewu náà ṣì lè tó 3 nínú 300, ìyẹn 1%.

7. Èsì àyẹ̀wò tó "péye ní 90%"

Ká ní àìsàn kan ń ṣe ẹni 10 nínú 1,000. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń rí 90% àwọn tó ní in, ó sì ń pe 9% àwọn tí kò ní in ní aláìsàn. Èsì jáde pé ẹnì kan ní in. Báwo ló ṣe dájú tó? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní 90%. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà: nínú 10 tó ní in, yóò mú 9. Nínú 990 tí kò ní in, yóò mú 89. Gbogbo àwọn tó mú jẹ́ 98, 9 péré ló ní in nínú wọn. Ẹnì kan nínú bíi 11. Nítorí náà, tí ìròyìn bá ń polówó àyẹ̀wò tuntun fún gbogbo ará ìlú, ẹ béèrè iye àwọn ará ìlú tó ní àìsàn náà. Láìsí ìyẹn, "péye" kò ní ìtumọ̀.

8. "Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì wà láàyè"

Èyí ló máa ń tan àwọn dókítà pàápàá. Ní ọdún 2007, nígbà tó ń wá ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, Rudy Giuliani polówó rẹ̀ pé 82% ni àǹfààní rẹ̀ láti yè bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ prostate ní Amẹ́ríkà, àti pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 44% péré ni. Iye ọkùnrin tí àìsàn náà ń pa nínú 100,000 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ilẹ̀ méjèèjì.

Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ìgbà tí aago bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin méjì kú ní ẹni 70 ọdún. Ọ̀kan mọ̀ ní 67 nígbà tí ara ń dùn ún. Èkejì mọ̀ ní 60 nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni kejì "yè fún ọdún márùn-ún", ẹni àkọ́kọ́ kò yè. Ọdún kan náà ni wọ́n kú. Ohun kejì, àyẹ̀wò ń rí àìsàn tí kò ní ṣe ẹni tó ní in ní nǹkankan láéláé. Tí 40 nínú aláìsàn 100 bá wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 40% ni. Ẹ fi 100 mìíràn kún un tí jẹjẹrẹ tiwọn kò lè pa wọ́n: 140 nínú 200, 70%. Èèyàn 60 ló ṣì kú. Ní Kòríà Gúúsù, láti 1993 dé 2011, iye àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ thyroid, ẹ̀yà ara kan lọ́rùn, di ìlọ́po 15 nítorí àyẹ̀wò tó gbòde. Iye àwọn tó ń kú nínú rẹ̀ kò yí padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àyẹ̀wò ara, ẹ má ṣe gba ìdá àwọn tó yè. Ẹ wá iye àwọn tó kú nínú gbogbo ará ìlú, 100,000 lọ́dún.

9. Nǹkan méjì tó jọ ń rìn

A ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní ọdún 2012, dókítà kan kọ ọ́ sí jọ́nà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, pé nínú orílẹ̀-èdè 23, àwọn tó ń jẹ ṣokoléètì jù ló ń gba ẹ̀bùn Nobel jù. Ìbáṣepọ̀ wọn tó 0.79 (1 ni ì bá jẹ́ tí méjèèjì bá ń rìn pọ̀ láìyẹsẹ̀). Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó ń ra ṣokoléètì, wọ́n sì ń náwó sórí yunifásítì. Tí wọn kò bá fi gègé pín àwọn èèyàn, ẹ yọ "ń fà" àti "ń dènà" kúrò nínú àkọlé, kí ẹ kọ "àwọn tó ń jẹ ẹ́ sábà máa ń...".

10. Ẹ wá kọ ọ́

Ẹ padà sí gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ti ẹran, ó di: *Nínú èèyàn 1,000, nǹkan bí 60 ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń mú láyé wọn; tí gbogbo wọn bá ń jẹ gíráàmù 50 ẹran alágolo lójúmọ́, nǹkan bí 71.* Ìsàlẹ̀ kan náà, 1,000, ni kí ẹ lò fún èrè àti ìpalára. Ẹ má kọ "1 nínú 80" síbì kan kí ẹ wá kọ "1 nínú 200" síbòmíràn. Ojú òǹkàwé yóò rí 200, yóò rò pé òun ló pọ̀. Tí ìròyìn bá ní nǹkan lọ láti 10% sí 15%, ẹ sọ bóyá kókó 5 lẹ ń wí tàbí ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ya àwòrán, kí òpó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Tí ẹ kò bá rí iye ìpìlẹ̀ nínú àkótán, ẹ wo tábìlì kejì tàbí ìkẹta nínú ìwádìí náà, ibẹ̀ ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí olùwádìí tí ímeèlì rẹ̀ wà lábẹ́ àkọlé. Tí kò bá dáhùn kí iṣẹ́ yín tó jáde, ẹ yọ ìdá ọgọ́rùn-ún náà kúrò pátápátá, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn olùwádìí kò sọ iye èèyàn.